Má-bàjẹ́ Ń Wá Búṣì

Iṣẹ́ bíríkìlà ló ṣe dàgbà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é ní bíríkìlà mọ́. Má-bàjẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde nìyẹn. Á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, á ní, "Jókòó síbẹ̀, má bàjẹ́." Páìpù irin ni ọwọ́ ìgbálẹ̀ ilé rẹ̀. Kọnkéré ni àpótí ìjókòó tó wà ní balùwẹ̀. Ẹni tó bá jókòó lé e láàárọ̀ ọ̀gìnnìtìn kò tún ní wá ohun mìíràn tí yóò la òun lójú. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná wúwo débi pé ológbò ilé ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ojú fèrèsé. Igi a máa jẹrà, ike a máa sán, aṣọ a máa gbó; Má-bàjẹ́ kò ráyè irú wọn. Ohun tí ènìyàn bá ti ṣe lẹ́ẹ̀kan, ó ní kò yẹ kó tún padà ṣe é mọ́ láyé.

Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé bí kì í bá ṣe pé ẹran ara ni Ọlọ́run fi mọ òun, ọkọ òun ì bá ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ òun látòkè délẹ̀.

Ẹran ara náà ló wá di ọ̀ràn. Aránṣọ ni obìnrin yìí, ó sì ti jókòó sídìí ẹ̀rọ fún ìgbà pípẹ́ kí ìbàdí rẹ̀ apá ọ̀tún tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Dókítà wo fọ́tò egungun náà, ó ní ohun múlọ́múlọ́ tó máa ń wà láàárín egungun méjì, kí wọ́n má baà máa na ara wọn, ti jẹ tán. Àbúrò obìnrin náà, tó jẹ́ mẹkáníìkì, gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, búṣì ìbàdí yín ló lọ."

"Kí o bá mi mú òmíràn wá láti ibi iṣẹ́ rẹ."

"Wọn kì í ta ti ènìyàn, kí n má purọ́ fún yín."

Láti ìgbà náà, ìrìn-àjò di èèwọ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ ìrìn-àjò kan wà tí kò ṣeé dá dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ sùn lórí ẹní kan náà, ń gbé ní ìlú tó jìnnà, lójú ọ̀nà tó jẹ́ pé kòtò ní í kí kòtò káàbọ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ṣubú, orí ibùsùn ló sì wà láti ìgbà náà. Wọ́n háyà ọkọ̀ nígbà kan láti gbé aránṣọ yìí lọ, ṣùgbọ́n wọn kò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tí igbe ìyàwó Má-bàjẹ́ fi dá dírébà padà. Fóònù ló kù fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ohùn tó ń ti ìkangun kejì wá sì ń fẹ́lẹ́ sí i.

Ìgbà náà ni Má-bàjẹ́ rántí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé, èyí tó fi ń kó irinṣẹ́ kiri nígbà tí agbára ṣì wà. Ó gbá ewé gbígbẹ kúrò lára rẹ̀, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táyà, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Èmi fúnra mi ni máa gbé ọ lọ. Títún ni a máa tún un ṣe."

Ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì kò ju ẹ̀yìn ọgbà ilé wọn lọ. Ògiri kan ló pààlà, géètì kékeré kan sì wà nínú ògiri náà. Wọ́n ti ọkọ̀ débẹ̀. Wọ́n tún ẹ́ńjìnnì ṣe, wọ́n pààrọ̀ bíréèkì, ó wá ku ẹsẹ̀ rẹ̀. Mẹkáníìkì tú àwọn irin apá tó gbé táyà mú, ó kó wọn sórí tábìlì, ó sì fi ìka tọ́ka sí ibi róbótó tí irin apá ti so mọ́ ara ọkọ̀. Búṣì tó wà níbẹ̀ ti là yánnayànna bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

"Ẹ wò ó, Ẹ̀gbọ́n. Ohun tó yẹ kó dúró láàárín irin àti irin nìyí. Irin ń na irin báyìí. Ẹ bá mi ra tuntun wá, kẹ́ ẹ sì ra rọ́bà." Ó tún sọ̀rọ̀ mìíràn lé e, nípa òjò, nípa ọkọ̀ adájọ́ kan, nípa bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣe fẹ́ ìyàwó. Mẹkáníìkì náà kì í dákẹ́ bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kan sípánà.

Má-bàjẹ́ fi bébà wé búṣì àtijọ́ kan, ó fi í sápò, ó di ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ara ọkọ̀. Obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i wò.

"Bàbá, ẹ̀yin náà ò ṣàánú ẹ̀. Èyí dàgbà jù mí lọ."

Ó kó mẹ́ta sórí káńtà. Àkọ́kọ́ jẹ́ rọ́bà dúdú tí irin wà nínú rẹ̀. "Bí wọ́n ṣe ṣe é látilẹ̀ nìyí. Ó ń gba ìjà lára ọkọ̀, kì í pariwo. Ṣùgbọ́n òórùn àti ọ́ìlì ni ọ̀tá ẹ̀, ó ń gbó." Èkejì pupa, ó ń dán. "Èyí ni wọ́n ń pè ní pólí. Ó le ju rọ́bà lọ, ọ́ìlì ò rí i gbé ṣe. Ẹ kàn fi gírísì sí i dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á máa han bí eku tí pańpẹ́ mú." Ẹ̀kẹta, irin lásán ni, látinú dé òde.

Ojú Má-bàjẹ́ ti dúró lórí ẹ̀kẹta. "Onírin yẹn ńkọ́?"

"Ti àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje nìyẹn. Ṣé ẹ fẹ́ bá wọn sáré ni?"

"Ìyàwó mi ni mo fẹ́ gbé."

"Irin? Ṣé ẹ̀ ń lé e kúrò nílé ni, Bàbá?"

Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Má-bàjẹ́ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé rọ́bà, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ díẹ̀. Ó mi orí. Ohun tí ìka ènìyàn lè tẹ̀ wọlé, kí ni irú rẹ̀ fẹ́ gbé? Ó fi àtàǹpàkò kan náà tẹ pólí. Pólí kò dá a lóhùn.

"Fún mi ní èyí tó pupa."

"Irú ọ̀nà wo lẹ fẹ́ máa gbà?"

"Ọ̀nà tí kò dára."

"Ẹ jẹ́ á mú rọ́bà, Bàbá."

"Ọ̀nà tí kò dára ló ń fẹ́ ohun tó le," ni ó wí, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Obìnrin náà dì í fún un. Ọlọ́jà kì í bá oníbàárà jà.

Nígbà tí mẹkáníìkì ṣí báàgì, ó yọ ọ̀kan jáde, ó gbé e sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló rán yín ní pólí?"

"O ní kí n wá búṣì, mo wá búṣì."

"Mo ní rọ́bà."

"O sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò lè mọ èyí tí ǹ bá dì mú nínú ẹ̀."

"Ẹ gbọ́, ọkọ̀ kì í ṣe ilé. Ilé, ẹ ò fẹ́ kó mì. Ọkọ̀ tí kò bá mì, ẹni tó wà nínú ẹ̀ ló máa mì."

"Àbúrò, ṣe iṣẹ́ rẹ."

Ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹni kì í ṣe ẹni à ń bá fa ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mẹkáníìkì fi gírísì sí i dáadáa, ó so ó, ó sì dì í. Kò fi ìbínú ba iṣẹ́ jẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, Má-bàjẹ́ gbé ìyàwó rẹ̀ jáde láti dán ọkọ̀ wò. Ọkọ̀ náà rìn, a kì í purọ́ mọ́ ohun tó dára. Ó yí kọ́nà bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Kò fì, kò dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí Má-bàjẹ́ ṣe ń yí sítíárì ni táyà ń jẹ́ ẹ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu súfèé. Ó gba ọ̀nà ilé ìwé, ó gba ẹ̀yìn ilé ìfowópamọ́ níbi tí ọ̀dà títì ti ṣí. Ìyàwó rẹ̀ ń wo iwájú bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Kò sí òkúta tí táyà tẹ̀ tí kò gòkè wá jíṣẹ́ fún un. Nígbà tí wọ́n gun òkìtì tí wọ́n fi ń dín eré ọkọ̀ kù lójú títì, ó gbá ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ètè rẹ̀ sì funfun. Kò ké rárá.

Wọ́n padà délé. Ọkọ rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó ń retí ìyìn.

"Ẹ ṣeun, Bàbá wọn," ni obìnrin náà wí. "Ọkọ̀ náà dára. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ẹ̀gbọ́n rẹ kẹ̀? Ṣebí ìwọ ni mo fẹ́ gbé lọ."

Ìyàwó rẹ̀ ti ń fi ọwọ́ ti ògiri wọlé.

Má-bàjẹ́ kì í ṣe ẹni tó ń tètè gbà pé òun ṣìnà. Ó gbé tìmùtìmù sórí ìjókòó ọkọ̀. Ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá ó fẹ́ kí òun gbé àga lé orí àga. Ó tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ díẹ̀; ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ bí ọ̀lẹ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbé àdá lọ́wọ́ ni kò fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀.

Fóònù ló gba àdá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Má-bàjẹ́ wà ní pálọ̀, ó ń fi àkísà nu bàtà, ìyàwó rẹ̀ sì wà ní yàrá pẹ̀lú fóònù tó ń sọ̀rọ̀ sókè.

"Ṣé ẹ ti gbéra?" Ohùn ẹ̀gbọ́n náà tínrín bí òwú.

"Ó kù díẹ̀. Ọkọ̀ ló kù tí wọ́n ń tún ṣe."

"Wọn ò tíì tún un ṣe tán látijọ́ yìí? Ọkọ̀ àbí ọkọ̀ ojú omi?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá wọn ń sapá."

Má-bàjẹ́ gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe bo òun láṣìírí lójú ẹbí. Ó nu ẹsẹ̀ bàtà kan náà títí ó fi dán ju èkejì lọ. Lẹ́yìn náà ó dìde. Ẹni tí ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáláká tọ alábẹ lọ. Ó ra rọ́bà lọ́wọ́ obìnrin ṣọ́ọ̀bù náà láìwò ó lójú, bí ẹni tó ń ra oògùn tí kò fẹ́ kí ará ilé mọ̀, ó sì gbé e fún mẹkáníìkì.

"Má sọ nǹkan kan," ló wí.

"Mi ò tíì yanu."

"Mo rí i pé o fẹ́ ya á."

Wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n gbé ìtì igi sábẹ́ rẹ̀, táyà ń fì nínú afẹ́fẹ́. Mẹkáníìkì yọ pólí, ó tẹ rọ́bà wọlé, ó dá àwọn irin apá padà, ó sì ki bóòtù sí gbogbo wọn. Bí ó ṣe ṣe é dé ibẹ̀ ni wọ́n wá pè é sí ọkọ̀ kan tó kú sójú títì.

"Ọwọ́ lásán ni mo fi dì wọ́n, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n dé."

Ó lọ. Má-bàjẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ kan bóòtù kan. Ó mì. Ó kan òmíràn, òun náà mì. Ara rẹ̀ kò gbà á. Nínú iṣẹ́ tirẹ̀, wọn kì í gbé ẹrù lé ohun tí kò tíì dúró. Bí wọ́n bá da kọnkéré sí òkè ilé, igi ni yóò gbé e ró títí yóò fi gbẹ, kí ẹsẹ̀ ènìyàn tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá gbé ẹrù lé e kó tó gbẹ, orí ara rẹ̀ ni yóò wó lé. Ọkọ̀ yìí sì nìyí lórí igi, láìsí ẹrù kankan lórí rẹ̀. Ìgbà wo ló tún dára ju báyìí lọ láti dì í? Ó mú sípánà, ó fi páìpù gígùn bọ ìdí rẹ̀ kó lè rí agbára lò, ó sì di gbogbo rẹ̀ títí irin fi ké. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá èyí tó kẹ́yìn. "Jókòó síbẹ̀, má bàjẹ́."

Nígbà tí mẹkáníìkì dé, ó yọ ìtì igi, ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ kò wálẹ̀ tán. Ó dúró bí ẹni tó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró kó lè yọjú wo ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Mẹkáníìkì fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ iwájú rẹ̀. Ó lọ sílẹ̀ tìkọ̀tìkọ̀, ó sì já gòkè padà.

"Ta ló fọwọ́ kan bóòtù?"

"Bóòtù wo?"

"Ẹ̀gbọ́n."

"Wọ́n tú. Mo dì wọ́n. Ṣé ìjà nìyẹn?"

Mẹkáníìkì mú àkísà kan lórí tábìlì, ó na etí rẹ̀ kan sí i. "Ẹ di ibí yìí mú. Ẹ dì í dáadáa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn dídì." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ etí kejì, títí àkísà fi le bí okùn. "Tí a bá fi í sílẹ̀ báyìí títí di ọdún tó ń bọ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Á ya."

"Ohun tẹ́ ẹ ṣe fún rọ́bà nìyẹn. Pólí ò bìkítà, ó ń yí lórí irin tiẹ̀. Rọ́bà kì í yí. Ó mú irin inú, ó mú irin òde, ara ẹ̀ ló fi ń lọ́. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀ tòun ti ẹrù ni rọ́bà gbọ́dọ̀ wà ní ìsinmi. Ẹ dì í nígbà tí ẹsẹ̀ ń fì lókè, ẹ wá sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ti lọ́ kó tó rìn. Ṣé ẹ̀ ń retí pé kó rọ̀ fún ìbàdí ẹ̀gbọ́n mi?" Ó ju àkísà sílẹ̀. "Ẹ̀yin náà lẹ sì ń jẹ́ Má-bàjẹ́! Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í nini lára. Ṣé a ò kọ́ yín nílé ni?"

Má-bàjẹ́ wo bóòtù, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó ti ya?"

"Kò tíì rìn, kò tíì ya. A máa tú gbogbo ẹ̀, a máa ti ọkọ̀ sórí kòtò tí mo ń wọ̀ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkọ̀, a máa gbé ẹrù sí i, ká tó dì í."

"Ẹrù wo? Mo ní sìmẹ́ǹtì nílé."

"Ṣé sìmẹ́ǹtì lẹ fẹ́ gbé lọ kí ẹ̀gbọ́n wa? Ẹrù tí ọkọ̀ máa gbé ni mo wí."

Má-bàjẹ́ ronú sí i. "A lè fi sìmẹ́ǹtì dípò rẹ̀."

"Ẹ lọ bi ẹ̀gbọ́n mi pé báàgì mélòó ni wọ́n. Èmi ò sí ńbẹ̀ o."

Má-bàjẹ́ gba géètì kékeré kọjá. Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, aṣọ ilé ló wọ̀, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó wá jókòó sínú ọkọ̀.

"Mo ti ní kẹ́ ẹ bá mi kí wọn."

"Ọkọ̀ ò lọ síbì kan. Ìjókòó lásán ni. Àbúrò rẹ ló ní rọ́bà fẹ́ mọ̀ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì débi pé ó dìde láti lọ wo ohun tó jẹ́. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ sórí kòtò, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀. Wíwọlé gba ìgbà díẹ̀: ó fi ẹ̀yìn jókòó, ó sinmi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, ó mí kanlẹ̀, kó tó gbé tòsì. Mẹkáníìkì jókòó sí ibi dírébà, nítorí pé ìwọ̀n ọkùnrin kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó kù láti wọ inú kòtò ni Má-bàjẹ́.

Ó wọ̀ ọ́. Ọ́ìlì dúdú kán sí i ní èjìká. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsí páìpù, mẹkáníìkì sì ń ti òkè sọ̀rọ̀ sílẹ̀. "Ó tó o! Ẹ má jẹ́ kó ké. Sípánà kì í ṣe ọ̀tá yín."

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ pè láti òkè.

"Mo ń gbọ́."

"Èyí tẹ́ ẹ fi síbẹ̀ yìí, ṣé kì í bàjẹ́?"

Sípánà dúró.

"Ó ń bàjẹ́," ni Má-bàjẹ́ wí. "Nígbà tó bá yá, a máa tún un ṣe."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi."

Obìnrin náà fi ẹ̀yìn ti ìjókòó. Sípánà tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà tó parí, ó gòkè, ó sì tẹ iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ó lọ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó dìde, ó sì dúró. Mẹkáníìkì bọ́ sílẹ̀. Má-bàjẹ́ lọ ṣí ilẹ̀kùn ìyàwó rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i láti gbà á sọ̀kalẹ̀.

"Mi ò sọ̀kalẹ̀," ni obìnrin náà wí.

"Báwo?"

"Gígùn àti sísọ̀ ló ń pa mí jù. Mo ti gùn ún. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Báyìí? A ò tíì dán an wò. Mi ò tíì wẹ̀. Aṣọ ilé lo wọ̀ yẹn."

"Ẹ fọ ọwọ́ yín. Kí àbúrò mi bá mi mú báàgì mi àti oògùn mi lórí tábìlì, kó sì ti ilẹ̀kùn. Tó bá ń ta mí, ẹ ó gbọ́ ọ kí a tó jìnnà."

Mẹkáníìkì ti ń sáré gba géètì kékeré kọjá kí ẹnikẹ́ni tó yí ọkàn padà.

Ní ìlú kejì, ẹ̀gbọ́n náà wà lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ kọ sí ẹnu ọ̀nà, nígbà tí àbúrò rẹ̀ fi ọwọ́ ti ògiri wọlé. Àbúrò ti sùn hanrun lójú ọ̀nà, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Gbogbo ìgbà tí mo ti ń retí rẹ yìí," ló wí, "aṣọ ilé lo wọ̀ wá bá mi?"

"Ẹ sún, Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò rẹ̀ wí, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ibùsùn. "Ẹ sún síwájú."